Omi Ìdúmàgbò Kì í Dárúkọ

Aago márùn-ún ààbọ̀. Wọn ò tíì kírun àsùbáà tán
nígbà tí mo so okùn mọ́ ọrùn bọ́kẹ́ẹ̀tì,
mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú gọ́tà ńlá ẹ̀yìn Ìdúmàgbò.
Wọ́n ní kí n máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́,
torí ìgbà náà ni ilé gbogbo ń jẹ́wọ́:
ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á dún, omi á dà ṣòòrò,
ohun tí Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ lánàá
á máa wọ́ lọ sọ́sà láìkí ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹta rèé.
Líta kan péré, kò gbọdọ̀ dín.
Mo kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ike,
mo tẹ́ ẹ sáàárín yìnyín bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun,
Fàlílù á gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó di Yàbá.
Kò bi mí rí pé kí ló wà nínú kúlà.
Ó kàn máa ń fi ẹnu mí.

Agbépòó ti tán l'Ékòó, àwọn ọmọdé ní èmi ló kù.
Obìnrin kan da omi lé mi lórí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
ó ní mo fẹ́ fi ìgbẹ́ ọmọ òun ṣoògùn owó.
Bàbá Bọ́dúnrìn, onílé ojúlé kẹrìnlá, ló bínú jù:
"Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé mi. Kọ ọ́ sílẹ̀!"
Bàbá, n kò bi yín.
Ẹnu ló mọ irọ́ pa. Ìdí kì í purọ́.
Ẹni tó ń wúkọ́ á ní eruku ni,
ẹni ara ń gbóná á ní oòrùn ló pa òun,
ṣùgbọ́n ohun tó sá pamọ́ sínú ìfun,
bó pẹ́ bó yá, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde,
á bá mi níbi tí mo dúró sí.

Àánú omi yìí ni pé kì í dárúkọ.
Ti oníwúrà, ti alágbàfọ̀,
ti lémọ́mù, ti olè tó sùn sábẹ́ afárá,
ó ti pò wọ́n di àwọ̀ kan ṣoṣo.
Kò lè nàka sí ẹnìkan. Ohun tó lè sọ ni pé:
ó wà láàárín yín.

Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù kẹjọ.
Dókítà Ẹniafẹ́ kò kí mi kó tó sọ̀rọ̀.
Kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀,
wọ́n rí i nínú ike mi, ike ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.
Omi tó gbé e ti dé òkun tipẹ́.
Kò sì sí ọmọ kan tó tiro
láti Ìdúmàgbò títí dé Òkè Àrìn;
bọ́ọ̀lù ṣì ń lu ògiri, gbì, gbì.

Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, mo jókòó lé e.
Torí kí n má parọ́ fún yín:
ilé tèmi náà wà létí gọ́tà yẹn,
ojúlé mẹ́ta sí ti Bàbá Bọ́dúnrìn.
Rọ́fíátù mi, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀,
ibẹ̀ ni mo ń da póò rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn sí lálaalẹ́.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bu ara mi mọ́ omi,
n kò rántí pé èmi náà wà lára ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu dé.
Obìnrin tó da omi lé mi ló kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde.
Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé kò ní korò?"
Bàbá Bọ́dúnrìn tilẹ̀kùn títí di ọ̀sán,
ìgbà tó yá, ó ti ọmọ-ọmọ mẹ́rin síta,
òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn kọ́tínnì.

Ọjọ́ Ajé. Aago márùn-ún ààbọ̀.
Tàdáwà ṣì wà léèékánná Rọ́fíátù
nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní.
Mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀.
Lókè, ilẹ̀kùn kan dún, ẹnìkan da omi.
Mo dúró kó dé ọ̀dọ̀ mi,
mo sì bù ú.